Ta Ló Ń Lé Yín?

Ìyá àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ bi wá. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán ní Béyerúnká n'Ìbàdàn, iná fóònù la fi ń wá ibi tí a ó ki okùn sí nínú búùtù Máíkírà. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà agbo ilé, pákò lẹ́nu, wọ́n ń wò wá.

"Níbo lẹ ń gbé okùn yẹn lọ?"

"Àdó-Àwáyè ni, Ìyá. Òkè la fẹ́ lọ gùn."

Wọ́n yọ pákò, wọ́n tutọ́. "Ta ló ń lé yín?"

A fi ṣẹ̀rín. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀, kò sí ọmọdé nínú wa mọ́: Tíṣà, Télọ̀, Dẹ́rẹ́bà, Bọkanáísà àti èmi tí mò ń kọ ìwé. Ilé kéwú kan náà la jọ lọ, pàṣán kan náà ló nà wá. Láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré, bí ọ̀kan nínú wa bá ti ní òun fẹ́ ṣe wèrè, àwọn mẹ́rin yòókù á ti wọ bàtà.

Lọ́tẹ̀ yìí, Tíṣà ló kó bá wa. Iṣẹ́ jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ohun tó bá sì kà lóru, àwa ló máa ń kó o lé lórí láàárọ̀. Ó dé sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn erékùṣù kan fún wa, St Kilda, ní ìwọ̀ oòrùn Skọ́tíláǹdì, tó jìnnà tó kìlómítà 64 sí ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Igi kan ò hù níbẹ̀. Ẹyẹ òkun làwọn ará ibẹ̀ gbójú lé: wọ́n ń jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹyin rẹ̀, òróró inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń tan fìtílà, ìyẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń sanwó ilẹ̀ fún onílẹ̀. Àmọ́ ibi tí ẹyẹ ń yé sí ni wàhálà. Ara ògiri àpáta ni, èyí tó dúró gbọnrangandan létí òkun, òmíràn sì ga ju mítà 400 lọ. Ọkùnrin tí ò bá mọ̀ ọ́n gùn, ebi ni yóò pa aya rẹ̀. Tíṣà ní òkúta kan wà níbẹ̀ tó yọ jáde sórí ọ̀gbun, orí rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ gbéyàwó yóò ti fi ẹsẹ̀ kan dúró, tí yóò tẹ̀ síwájú, kí wọ́n tó gbà pé ó ti tó ọkọ í ṣe. Okùn ìgunpáta sì jẹ́ ogún gidi lọ́dọ̀ wọn, bí ilẹ̀ ṣe jẹ́ ogún lọ́dọ̀ tiwa. Bàbá á fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Télọ̀ gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀ nígbà tí Tíṣà dé orí ìtàn ọdún 1727. Ní oṣù Ògún ọdún náà, ọkọ̀ gbé ọkùnrin mẹ́ta àti ọmọdékùnrin mẹ́jọ lọ sí Stac an Armin, àpáta kan tó dá dúró láàárín òkun, kí wọ́n lọ pa ẹyẹ. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ó lò. Ọkọ̀ ò padà wá mọ́. Ilẹ̀ ti gbóná lẹ́yìn wọn. Àrùn tí a kì í dárúkọ lọ́sàn-án nílé wa ló wọ erékùṣù náà, ó pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí kò ku ẹni tó lè tukọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni àwọn mọ́kànlá yìí fi wà lórí òkúta, nínú òtútù, nínú ìjì, ẹyẹ àti ẹja ni wọ́n ń jẹ, kí ọkọ̀ tó wá gbé wọn ní oṣù Èbìbì 1728. Gbogbo wọn ló bọ́. Ìgbà tí wọ́n délé ni wọ́n rí i pé ilé ò sí mọ́. Títí di òní, mi ò mọ èyí tí mo lè pè ní ìjákulẹ̀ nínú méjèèjì: ti àwọn tó há sórí àpáta ni àbí ti àwọn tó wà nílé. Ní 1930, nígbà tó ku ẹni 36 péré lórí erékùṣù náà, àwọn fúnra wọn ní kí ìjọba wá kó àwọn kúrò.

Ẹni tó bá ní làákàyè ì bá ti fi ìtàn yìí kọ́gbọ́n. Bọkanáísà ní, "Àwa náà á lọ."

Lọ síbo? Ìbéèrè tó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Etíkun wa, láti Badagry lọ dé ibi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni. Omi ò rí òkúta kọlù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí àpáta tó ti inú òkun yọrí nítòsí wa, àfi kó kọjá sí àwọn erékùṣù tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú síta: Bioko, tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Po, níbi tí òkè ti ga ju 3,000 mítà lọ, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ṣe lébìrà nínú oko kòkó títí ìjọba fi lọ kó wọn wálé ní nǹkan bí 1975 sí 1976, tàbí São Tomé, tí àpáta kan ti dúró ṣánṣán láàárín igbó bí òpó tí wọ́n gbàgbé láti kọ́lé lé, Pico Cão Grande lorúkọ rẹ̀, ó fi ohun tó ju mítà 300 lọ ga ju ilẹ̀ tó yí i ká. Dẹ́rẹ́bà béèrè iye tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà dé ibẹ̀. Tíṣà dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ erékùṣù parí lọ́jọ́ náà.

Kò parí nínú Tíṣà. Ó padà dé lọ́jọ́ Àìkú kejì, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn òkè bí Ìdànrè àti Àdó-Àwáyè, àwọn àpáta tó dá yọ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ láìsí òkè mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Inselberg ni wọ́n ń pè é. Ará Jámánì kan, Wilhelm Bornhardt, ló fún wọn lórúkọ yìí ní 1900 lẹ́yìn tó rí irú wọn ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Ó dúró kí gbogbo wa dákẹ́. "Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ni òkè erékùṣù."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Tíṣà ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ kíláàsì: inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni àpáta náà ti dì nígbà tó ṣì gbóná, ilẹ̀ orí rẹ̀ ni òjò ń fọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, títí orí rẹ̀ fi yọ. Bí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ti ń fúyẹ́ ni ara rẹ̀ ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Nítorí náà ló ṣe máa ń rí roboto lókè, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì dà gẹ̀rẹ́. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni òkun. Igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ni ìgbì. Àdó-Àwáyè sì tún ní ohun tí St Kilda ò ní: adágún omi lórí òkè, Ìyàkẹ́, tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń fọ́nnu pé méjì péré ni irú rẹ̀ láyé, tí èkejì sì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Òkè, omi, ògiri àpáta. Kí la tún ń wá? A ó fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri náà, a ó tún fi okùn gòkè padà, a ó sì ya fọ́tò.

Ìmúrasílẹ̀ wa, kí n má purọ́, Láyípo ni. Ilé gogoro orí Òkè Àrẹ̀ ni, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, tó sì yìnbọn sí Ọ̀yọ́ ní 1895. Àwọn ará wa ò ráyè orúkọ rẹ̀. Àtẹ̀gùn inú ilé náà ń yí po, wọ́n bá sọ ọ́ ní Láyípo, Bower sì di ẹni ìgbàgbé nínú ilé tí wọ́n kọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la gùn ún. Láti òkè, páànù dídípẹtà ló tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú ẹni, òrùlé mọ́ òrùlé láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, Gbọ̀ngàn Mápó sì dúró sórí òkè tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó gbàǹgbà gbàǹgbà tí wọ́n ti gbé ró láti 1929. Télọ̀ ní bí a bá lè gun ibí láìmí hẹlẹ, a lè gun ibikíbi. Gbogbo wa ló ń mí hẹlẹ nígbà tó sọ ọ́.

Okùn ńkọ́? Ọjà'ba la ti rà á, mítà 40, aláwọ̀ búlúù. Ìyálójà tó tà á bi wá bóyá tàpólì ọkọ̀ àjàgbé la fẹ́ fi dì, a ní rárá. Ó ní ṣé màlúù ni. A tún ní rárá. Ó gbowó rẹ̀.

Èmi ni mo ní kí a gbé e dé ọ̀dọ̀ baba ẹlẹ́mu kan tó máa ń gbé agbè wá sí Bẹẹrẹ. Ìdí ni pé nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé, bàbá yìí nìkan ló ń fi okùn gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là lójoojúmọ́. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n ṣì ń gun ọ̀pẹ. Wọ́n gba okùn náà, wọ́n fà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sí imú.

"Okùn ẹrù nìyí."

"Ó lágbára, Baba."

"Mo gbọ́. Ẹrù tó bá já bọ́, ṣé ó máa ń ké?"

A ò rí èsì fọ̀. Mo ka ìwé díẹ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà, mo sì rí i pé baba ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Okùn àwọn agunpáta ní ọ̀pọ̀ fọ́nrán nínú, ó ní awọ tí wọ́n hun bò ó, wọ́n sì dìídì ṣe é kó máa nà bí ènìyàn bá já bọ́, kí ìdádúró náà lè rọ̀ fún egungun rẹ̀. Okùn tàpólì ò mọ ìyẹn. Ó lè má já o, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ ló máa já. Igbà tí baba fi ń gun ọ̀pẹ tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Kì í dúró de ìgbà tí ènìyàn bá ṣubú. Ó yí ẹ̀yìn ẹni ká, ó yí ọ̀pẹ ká, ẹni náà fẹ̀yìn tì í, òun àti igbà rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lọ sókè ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Baba ní àwọn ò gbé igbà kọ́ ọ̀pẹ rí láìkọ́kọ́ tọ́ ọ wò láti orí dé ìdí, àní bí ó ti lẹ̀ jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ àná ni àwọn lò ó kẹ́yìn.

Wọ́n dá okùn padà fún wa. "Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

Tíṣà ní òun á wo fóònù.

"Bí ọ̀pẹ bá tutù," wọ́n ní, "ilé ni mo máa ń wà."

Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ la lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀run ilẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ ohun tí oṣù náà ń ṣe, àwa náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n oṣù náà ni iléèwé Tíṣà ṣì wà ní ìsinmi. Aago mẹ́fà àárọ̀ la fẹ́ gbéra. Oníbàárà kan ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ láti aago márùn-ún, ó ní ìgbéyàwó ni òun ń lọ, bùbá òun ò sì ní ọwọ́. A dúró kí Télọ̀ rán ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí a fi máa dé Bẹẹrẹ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. A gba Mọ́kọ́lá, Ṣáńgo, Ọ̀jọ́ọ̀, a kọjá ibùdókọ̀ ojú irin tuntun ní Mọ́níyà, a kọrí sí ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. A ò tíì rìn jìnnà kúrò ní Mọ́níyà tí táyà fi jò. Inú wa dùn, àbí kí ni a gbé bọkanáísà dání fún? Bọkanáísà sọ̀ kalẹ̀, ó wo táyà, ó wo wa. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bọkanáísà ẹlòmíràn la dúró dè lójú ọ̀nà fún wákàtí kan, tiwa sì ń bínú pé ẹni náà ò mọ iṣẹ́.

Aago kan ọ̀sán ti lé díẹ̀ ká tó dé ìdí òkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń mú àlejò gòkè wo wa, ó wo okùn, ó wo ojú ọ̀run. "Ẹ ti pẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n." Ṣùgbọ́n a ti sanwó, ó ṣáájú.

Àtẹ̀gùn 369 ló gbé ènìyàn gun òkè yẹn. Télọ̀ ní òun á kà á, ó sì kà á dé bí ọgọ́fà kó tó jókòó. Láti ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí Jámánì yẹn rí. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lọ dé ibi tí ojú ò ríran mọ́, ewé tútù ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, àwọn òkè mìíràn sì dá yọ lọ́ọ̀ọ́kán bí ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró de ara wọn. Òkun ni lóòótọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún Tíṣà, àmọ́ èémí ò jẹ́.

Lókè, ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi òkúta Ìṣàgé hàn wá, àpáta ràbàtà tó dúró lórí ìdí bíńtín bí ẹni pé ọmọdé ló gbé e kalẹ̀ tó sì sá lọ. Ó ní bí ọ̀dá bá dá, ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń tọrọ òjò. Dẹ́rẹ́bà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Baba òkúta, ẹ bu díẹ̀ fún wa, oòrùn yìí pọ̀." Lẹ́tà ìkìlọ̀ nìyí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá Dẹ́rẹ́bà rìnrìn àjò.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fi rí ògiri àpáta tí a tìtorí rẹ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹ̀yìn erin, ó dà, ó tún dà sí i, lójijì ojú ò rí i mọ́, orí igi ló kù tí à ń rí nísàlẹ̀. Àwọn ìlà dúdú ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀ bí ojú ẹni tó lé tìróò tó wá sunkún. Ewédò ló dúdú bẹ́ẹ̀. Bí àpáta náà bá gbẹ, ó le lẹ́sẹ̀ bí sáńpépà àwọn káfíńtà, bàtà á dì í mú. Bí omi bá kàn án, àwọn ìlà dúdú yẹn á dà bí ewédú. Bọkanáísà ti ń tú okùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kò sẹ́ni tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ o. A bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. A ṣì ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tí atẹ́gùn tútù kan fi ti ẹ̀yìn wa dé, tí gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ apá ìlà oòrùn fi pòórá nínú ohun funfun kan, bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ bo fèrèsé.

Mi ò rí òjò tó ń bọ̀ wá bá mi láti òkè rí. Nílé, orí páànù la ti ń gbọ́ ọ. Níbẹ̀, ó ń rìn bọ̀, a ń wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò ṣe àwàdà mọ́: kí ẹnikẹ́ni má dúró lábẹ́ igi, kí ẹnikẹ́ni má dúró lórí ibi tó ga, ká kúrò kíá. Mànàmáná bù yẹ̀rì, àrá tẹ̀ lé e láìjẹ́ ká kà dé méjì. A ò dé ìdí Ìyàkẹ́. A ò rí adágún náà sójú.

Ibi tó burú jù ni orí àpáta gbọọrọ tó wà kí a tó kan àtẹ̀gùn. Omi ti ń ṣàn lórí rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni okùn tàpólì ti rí iṣẹ́ ṣe. Tíṣà àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà di orí kan mú lẹ́yìn àpáta kékeré kan, àwa yòókù di ara rẹ̀ mú, a fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí afọ́jú tó tò tẹ̀ lé ara wọn lọ́jà. Télọ̀ ń ké pe ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń ké, ẹrù kọ́ nìyẹn.

Bàbá arúgbó kan gbà wá sábẹ́ òrùlé nísàlẹ̀, ìyàwó wọn fún wa ní dùndú gbígbóná. Wọ́n ò bi wá bóyá a gbádùn òkè. Wọ́n ní orí òkè yẹn làwọn baba ńlá àwọn gbé nígbà ogun, nítorí ọ̀tá tó bá ń gòkè bọ̀, òkúta lásán tó láti fi dá a padà. Nígbà tí ayé rọ̀ ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ òkè náà, wọ́n ní, ẹni tí wọ́n lé débẹ̀ ni.

Dùndú dúró lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè Ìyá àgbà kì í ṣe àwàdà. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n. Bí oṣù Ẹrẹ́nà bá dé tí wọ́n bá ń ṣọdún Òkè'Badan, tí Abọkẹ̀ jáde pẹ̀lú irun dídì bí obìnrin, Ìyá àgbà kì í dáná láti àárọ̀. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa ni ti Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí ogun fọ́ ìlú wọn, tí wọ́n sá wọ inú òkè, tí ó jẹ́ pé èso òro ni wọ́n ń jẹ sùn, ìgbín ni wọ́n fi ń ṣe ẹran, ìkarahun rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Òkè tó gbà wọ́n là ni wọ́n ń bọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n gùn fún afẹ́. Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ. Ìdànrè gbé orí àpáta títí di bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwọn St Kilda pàápàá, ebi ló lé wọn. Àwa ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìran wa tí ohunkóhun ò lé, tí a kó okùn ẹrù lé èjìká, tí a lọ bá òkúta níbi tó jókòó sí.

Mi ò sì sọ pé kò dára o. Ó dùn mí títí di báyìí pé a ò rí Ìyàkẹ́. Àmọ́ ẹni tí nǹkan ń lé máa ń wo ojú ọ̀run kó tó gbé ẹsẹ̀, á tọ́ okùn rẹ̀ wò, á mọ ọjọ́ tó yẹ kó jókòó sílé. Ìfẹ́ nìkan la gbé lọ, òun náà ò sì mọ bí òjò ṣe ń rọ̀.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ lù nígbà tí a dé Béyerúnká. Ìyá àgbà ò tíì sùn.

"Ẹ dé òkè un?"

"A dé e, Ìyá. A ò dé ibi tí a ń lọ."

"Ta ló lé yín sọ̀ kalẹ̀?"

"Òjò ni."

Wọ́n mi orí, ó jọ pé èsì náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní ká mú okùn náà wá.

Ó wà níbẹ̀ títí di òní, láti ojú fèrèsé yàrá wọn dé ìdí igi máńgòrò, búlúù rẹ̀ ti ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Mítà 40 pọ̀ jù fún aṣọ agbo ilé wa, wọ́n wá ká ìyókù rẹ̀ mọ́ irin fèrèsé. Tíṣà ní tí ọyẹ́ bá dé, a ó padà lọ, ó ti ń wo iye tí ojúlówó okùn ìgunpáta jẹ́. Bí baba ẹlẹ́mu bá gbé agbè wá sílé wa báyìí, wọ́n á tẹ orí ba lábẹ́ àwọn ìró tó tutù, wọ́n á fi ọwọ́ kan fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì kọjá.